Bí Ọdẹ́lékè Ṣe Lọ Wá Ojú Ọmọ Rẹ̀ Nígbó Awòjú

Ẹ sún fún mi lórí àpótí yẹn kí n jókòó, nítorí orúnkún mi ti dàgbà ju èmi fúnra mi lọ. Òjò ọ̀sán yìí kò ní dá bọ̀rọ̀, ẹ sì ti ń wo ẹnu mi láti àárọ̀ bí ọmọ ẹyẹ ṣe ń wo ẹnu ìyá rẹ̀. Ó dáa, mo ti gbọ́. Èmi Ògúndìran tí mo yìnbọn fún ẹfọ̀n méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí èkejì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ìlú kí n má baà rù ú... Jìmọ́ọ̀, ẹ̀rín kí lò ń rín? Ká ní bàbá rẹ ṣì wà láyé, òun ni ìbá jẹ́rìí mi. Èmi yìí kò ní sọ ìtàn ara mi lónìí. Ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́lékè ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, kò sì dùn mọ́ mi nínú láti sọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, kó tètè bọ́ sínú òjò.

Ọdẹ ni Ọdẹ́lékè, ọmọ ọdẹ sì ni. Nígbà tó di géńdé, ó ra kámẹ́rà, ó di onífọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ya oúnjẹ tí ẹ ò tíì jẹ, ẹ ò mọ ohun tí fọ́tò jẹ́ nígbà náà. Ènìyàn á wẹ̀, á wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí, á jókòó sórí àga, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, etí méjèèjì á hàn, ojú á wá le koko bí ojú ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Fọ́tò yẹn ló máa ṣẹ́kù lára ògiri lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá lọ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí àwọn àrọ́mọdọ́mọ máa wo òun níbi tí òun ti la ẹnu sílẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá ni Ọdẹ́lékè fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń ya baálẹ̀ abúlé kan, atẹ́gùn gbé fìlà baálẹ̀ lọ. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sórí tìpayà-tìpayà, orí rẹ̀ pá, ojú rẹ̀ wá dà bí ojú ọmọdé tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sọ́jà. Ọwọ́ Ọdẹ́lékè ṣèèṣì tẹ kámẹ́rà. Nígbà tó fọ fọ́tò náà tán, kò lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó gbé e lọ sí ìlú ńlá, àwọn tó ń fi àwòrán kọ́ ògiri fún aráyé wò sì ní kó mú irú rẹ̀ wá sí i.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe ń dọdẹ ẹtu ló ṣe wá ń dọdẹ ojú ènìyàn. Á lúgọ, á fara balẹ̀, á dúró títí onítọ̀hún á fi gbàgbé ara rẹ̀. Ó ya ìyàwó ọ̀ṣìngín tó ń dá sunkún ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó ya alágbára ọkùnrin tó ń gbọ̀n níwájú abẹ́rẹ́. Ó ya arẹwà àná tó yọ eyín àtọwọ́dá sílẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wọnú. Àwọn tó wá wo àwòrán wọ̀nyí á máa fọwọ́ kan ojú ara wọn. Ara wọn ò lélẹ̀, wọn ò sì lè kúrò níbẹ̀. Ọdẹ́lékè á wá ní, "Ojú tí ènìyàn ń gbé jáde kì í ṣe ojú rẹ̀. Èmi ni mo ń fi ojú wọn hàn wọ́n." Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà kan sáárá sí i, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìyàwó rẹ̀, Fẹ̀hìntọlá, bí ìbejì obìnrin fún un. Ìjà kan ṣoṣo làwọn ọmọ yìí máa ń jà, ìjà ta ni ẹ̀gbọ́n. Táyé á ní òun lòun kọ́kọ́ dé. Kẹ́hìndé á fọwọ́ sígbáàdí, á ní òun lòun rán an kó lọ tọ́ ayé wò, àti pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Kẹ́hìndé kì í gbà, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún méje, ibà gbé Táyé dálẹ̀, ọjọ́ karùn-ún ló sì rìnrìn àjò. Ẹ má jẹ́ n pè é ní nǹkan mìíràn.

Ẹ mọ̀ pé láyé àtijọ́, ère ni wọ́n ń gbẹ́ fún ìbejì tó bá lọ. Láyé tiwa, fọ́tò ló gbapò ère. Wọ́n á mú ọmọ tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò, á jókòó gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀, á tún pààrọ̀ aṣọ, á jókòó gẹ́gẹ́ bí èkejì rẹ̀. Onífọ́tò á tẹ méjèèjì sójú pépà kan, wọ́n á sì fara tira bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Oore ni onífọ́tò ń ṣe fún ìyá nígbà náà. Ọdẹ́lékè ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ òbí, kò sì sí èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì," ni Fẹ̀hìntọlá wí fún un, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya èyí dáadáa o. Fọ́tò ilé ni mo fẹ́. N ò fẹ́ ti ìlú ńlá yẹn."

"Ṣé èmi ni wàá kọ́ níṣẹ́ ni?"

Kẹ́hìndé kọ́kọ́ jókòó gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀, ó sì jókòó ire. Ó ku ti Táyé. Aṣọ kan náà ni, nítorí ìbejì kì í wọ aṣọ ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n òórùn Táyé ṣì wà lára èyí. Bí wọ́n ṣe bọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn, ètè ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Màámi, òórùn Táyé ni mò ń gbọ́." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mú etí ìró, ó fẹ́ nù ún nù.

"Má nù ún!" Ọdẹ́lékè ti wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ọkàn rẹ̀ ti ń lù kìkì bí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹran nínú koríko. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kẹ́hìndé, wò mí. Ìwọ ni Táyé báyìí, ṣé o gbọ́? O kì í ṣe Kẹ́hìndé mọ́. Táyé ni ẹ́. Wò mí!"

Ọmọ náà wò ó. Ọdẹ́lékè tẹ kámẹ́rà.

Ẹ̀yin ará, ìlú ńlá dàrú lórí fọ́tò yẹn. Àgbà ọkùnrin dúró síwájú rẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó gbé ẹ̀dà kan wálé, tó ń nu gíláàsì rẹ̀, Kẹ́hìndé wá dúró tì í. Ó wo èyí, ó wo tọ̀hún. "Bàbá, èwo ni èmi?"

"Méjèèjì náà ni," ni bàbá rẹ̀ wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí kò jẹ́ orúkọ kankan mọ́. Wọ́n pè é ní Kẹ́hìndé, kò dáhùn. Ó kọjú sí ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Fẹ̀hìntọlá gbé dígí síwájú rẹ̀ kó lè wo bí ó ṣe ń rù. Àga hàn nínú dígí, ògiri hàn, aṣọ ọmọ náà hàn. Ojú ọmọ kò hàn. Igbe tí obìnrin náà ké ló gbé èmi gan-an dé ilé wọn.

A sáré gba ọ̀dọ̀ Olúọ́dẹ lọ. Baba náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ojú tí a bá yà lára ènìyàn láìjẹ́ pé ó múra sílẹ̀ máa ń sá. Igbó Awòjú ló ń sá lọ, ọ̀dọ̀ Ìyá Olójú Àtẹ́lẹwọ́ ló ń wọ̀ sí. Ọdẹ́lékè, lọ bẹ̀ ẹ́ kó dá a padà. Bí oṣù tuntun bá lé kí ojú náà tó dé, ọmọ rẹ á bá ojú rẹ̀ lọ."

Oṣù ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọdẹ́lékè gbé ìbọn baba rẹ̀ kọ́ èjìká, ó tún gbé kámẹ́rà kọ́rùn.

"Kámẹ́rà ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe níbẹ̀?"

"Ọ̀nà jíjìn ni. Ènìyàn ò mọ ohun tó lè rí."

Fẹ̀hìntọlá wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó wọlé tọ ọmọ rẹ̀ lọ. Kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ má bi mí bó ṣe dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ lọ́rùn máa ń mọ ọ̀nà. Igi tó wà nígbó Awòjú kò ní èèpo, ojú ló bò wọ́n láti ìdí dé ṣóńṣó. Ojú àgbà, ojú ọmọ ọwọ́, ojú aláìsàn, gbogbo wọn là rekete, wọn ò ṣẹ́jú. Ọdẹ́lékè fọwọ́ sọ̀yà, ó kéde ara rẹ̀: "Èmi Ọdẹ́lékè rèé o! Ọmọ ọdẹ awọgbó-má-bẹ̀rù! Ẹkùn rí mi, ó yà fún mi! Iwin rí mi, ó kí mi kú ọdẹ!" Àwọn ojú náà ń wò ó. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Wọ́n ń wò ó. Ṣe ló ṣàdédé rántí pé síńgílẹ́ẹ̀tì òun ti ya lábẹ́, pé ikùn òun ti yọ, pé irun imú òun ti funfun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀wù, ó ń tún fìlà dé, ó ń fi àpò ọdẹ bo ikùn. Láti ogún ọdún tó ti ń wo ènìyàn, ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ wo òun náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré jáde nínú igbó náà.

Níbi tí igi ti tán, iwin kan jókòó sórí àpáta. Kò ní awọ lára. Ẹran ara rẹ̀ pọ́n rokoso, afẹ́fẹ́ lásán ń dùn ún.

"Rọra mí," ni iwin náà wí. "Èémí rẹ ń ta mí. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá níbí á jáàlọ́ mi. Mo ru ẹrù kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ará ọjà rí i, ará oko rí i, ọ̀tá mi pàápàá rí i. Èmi tí mo rù ú ni n kò rí i rí. Kí ni o?"

Ọdẹ́lékè ti fẹ́ sọ pé ojú ni. Ó wá rántí pé ènìyàn a máa rí ojú ara rẹ̀ nínú omi. Ọdẹ kì í yára yìn. Ó ní, "Ìpàkọ́ ni. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni."

"O gbà á. Ó yá, yí ẹ̀yìn padà kí n wo tìẹ."

Ó yí padà. Iwin náà wo ìpàkọ́ rẹ̀ títí, ó wá kẹ́dùn. "Háà! Ìwọ ọkùnrin yìí, ẹ̀rù ń bà ẹ́."

"Ẹ̀rù kí ni? Èmi ọdẹ?"

"Ẹ̀rù ń bà ẹ́ pé bí o bá gbé àpótí yẹn kúrò lójú, ẹnìkan á rí ẹ."

Inú bí Ọdẹ́lékè. Ó ní ẹni tí kò ní awọ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ó sì kọjá láìdágbére. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sẹ́ni tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún òun tó iwin yẹn láyé òun, èébú lòun sì fi san án.

Ìlú tó kàn ni Ìlú Ajókòó-Jẹ́jẹ́. Ẹ ò rí irú ìlú bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ò sì ní gbàdúrà pé kẹ́ ẹ rí i. Gbogbo ará ìlú ló gbé àga síta gbangba, wọ́n wọ sányán àti àlàárì, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n ń wo iwájú. Eṣinṣin bà wọ́n nímú, wọn ò lé e. Àǹtakùn ti ta okùn láti etí ìyàwó mọ́ èjìká ọkọ.

Baálẹ̀ ìlú kò mi ètè tó fi sọ̀rọ̀. "Onífọ́tò, káàbọ̀. Ó pé ọdún mẹ́tàlélógún tí a ti ń retí rẹ. Onífọ́tò tó ní ká jókòó jẹ́jẹ́ lọ mú fíìmù, kò padà wá mọ́. Bá wa yà á ní ire, ká lè dìde. Bí a bá ti dìde, èmi fúnra mi á sìn ọ́ dé ibi tí ò ń lọ."

Kí ló tún rọrùn tó èyí? Iṣẹ́ tó mọ̀ láti kékeré ni. Ọdẹ́lékè gbé kámẹ́rà sójú, ó ní kí wọ́n wo òun. Àmọ́ ní ìpẹ̀kun ìlà, ìyá arúgbó kan jókòó tira pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọkọ yìí ti kú sórí àga láti ọdún kẹrin, ìyá náà kò sì tíì sunkún un kí fọ́tò má baà bàjẹ́. Níṣojú Ọdẹ́lékè báyìí, àgbọ̀n ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Omijé kan yọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbólóhùn kan ṣoṣo ló yẹ kó sọ: "Ìyá, ẹ nu ojú yín, mo ń dúró dè yín." Kò sọ ọ́. Ó yí kámẹ́rà kúrò lọ́dọ̀ gbogbo ìlú, ó dojú rẹ̀ kọ ìyá náà, ó tẹ̀ ẹ́. Ìyá náà gbọ́ ìró rẹ̀, ó mọ̀ pé ojú ẹkún òun ló mú. Ó figbe ta. Ọ̀rọ̀ wá di bó-ò-lọ-o-yàgò. Àwọn tí kò yíjú láti ọdún mẹ́tàlélógún yíjú, wọ́n wo ara wọn, wọ́n rí eṣinṣin, wọ́n rí ewú, wọ́n rí òkú tó wà láàárín wọn. Wọ́n gbé àga, wọ́n gbá tẹ̀lé Ọdẹ́lékè.

Ó sáré dé bèbè odò kan. Ẹrù ń wúwo fún un, ó di dandan kó ju nǹkan kan nù. Ẹ mọ ohun tó jù? Ìbọn! Ìbọn baba rẹ̀, tó ti pa ẹran bọ́ wa nígbà ìyàn! Ó jù ú sódò, ó gbé kámẹ́rà lé orí, ó lúwẹ̀ẹ́ kọjá. Lọ́jọ́ tó sọ ìyẹn fún mi, mo dìde, mo bọ́ síta, n kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà mo ronú pé ká ní èmi ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá jù.

Ọjọ́ márùn-ún ló kù kí oṣù lé tó fi dé ilé Ìyá Olójú Àtẹ́lẹwọ́. Obìnrin fìrìgbọ̀n ni, ojú rẹ̀ dán borokoto láìsí ẹyinjú. Ẹyinjú kan ṣoṣo tó ní wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Ara ògiri ilé rẹ̀ kún fún ojú tó sá lọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Ọdẹ́lékè rí ti baálẹ̀ tí kò dé fìlà. Ó rí ti ìyàwó ọ̀ṣìngín, ti ọkùnrin abẹ́rẹ́, ti arẹwà àná. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ lára ògiri yẹn ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Ojú ọmọ mi ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún."

"Jókòó ná," ni ìyá náà wí. "Ẹni tó bá fẹ́ gba ojú lọ́wọ́ mi á kọ́kọ́ fi tirẹ̀ hàn mí. Bọ́ fìlà. Bọ́ ẹ̀wù. Gbé àpótí yẹn sílẹ̀."

Ọdẹ́lékè bọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó mú ojú le. Ìyá náà na àtẹ́lẹwọ́ sí i, ó dúró. Ó dúró títí ọrùn fi ń ro Ọdẹ́lékè, títí ojú líle náà fi já bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà náà ni ẹyinjú náà ṣẹ́, pá! Àwòrán rẹ̀ yọ lára ògiri. Ọkùnrin kan ni, àpótí dúdú ló wà níbi tó yẹ kí orí rẹ̀ wà, ó sì na ọwọ́ kan síwájú bí ẹni tó ń lé ẹnìkan sẹ́yìn.

Ọdẹ́lékè kò tíì sunkún láti ìgbà tí Táyé ti lọ. Ọjọ́ yẹn ló sun ún. Ó sun ún bí ọmọdé, ikun ń dà, èjìká ń mì. Ó gbé ọwọ́ láti nu ojú.

"Má nù ún," ni ìyá náà wí.

Ó mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà. Ó dorí kodò, ó jẹ́ kó máa ṣàn. Nígbà tó dìde, ó ti kámẹ́rà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní òun kò ní gbé e mọ́ láéláé. Ó rò pé òun ti sanwó tán.

Ìyá náà pe àwọn ọmọbìnrin méjì jáde. Ojú kan náà, aṣọ kan náà, omijé kan náà. "Ojú méjì lo yà lára ọmọ kan," ló wí. "Ọ̀kan ni ojú tirẹ̀ gan-an. Èkejì ni ojú Táyé tí o fi ipá gbé wọ̀ ọ́. Èyí tí o bá mú lọ ni ọmọ náà á jẹ́ títí ayé, nítorí ara kan kì í gba méjì. Ìbéèrè kan ni kí o bi wọ́n. Má bi wọ́n lórúkọ, Kẹ́hìndé ni àwọn méjèèjì á pe ara wọn níhìn-ín."

Ọdẹ́lékè dúró, ó ń wá ìbéèrè. Kí ni Kẹ́hìndé fẹ́ràn láti jẹ? Kò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀ ló ń sùn sí ni, àbí òsì? Kò mọ̀ ọ́n. Orin wo ló máa ń kọ bó bá ń fọ abọ́? Ó wá inú ara rẹ̀ títí, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà nìkan ló rántí. Òógùn bò ó. Níkẹyìn, ó rántí ìjà wọn, inú rẹ̀ dùn, ó fò sókè.

"Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú Táyé àti Kẹ́hìndé?"

Èyí tó wà lápá òsì wo ilẹ̀. "Táyé ni ẹ̀gbọ́n."

Èyí tó wà lápá ọ̀tún gbé orí sókè. "Rárá o. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n."

Ọdẹ́lékè pa ẹ̀rín. Ta ni kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló ń rán Táyé níṣẹ́? Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ òun kì í gbà? Ó na ọwọ́, ó fa ti ọ̀tún mọ́ra. Èyí apá òsì kò pariwo. Ṣe ló súnmọ́ wọn, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú èkejì rẹ̀ dáadáa, ó kúnlẹ̀ fún Ọdẹ́lékè. "Ẹ rọra máa lọ o, Bàbá. Ẹ bá mi kí Màámi."

Ó rò pé ẹ̀tàn ibẹ̀ ni. Ó yí ẹ̀yìn sí i.

Oṣù kò tíì lé tó fi wọlé. Ojú tó gbé bọ̀ wọ ara ọmọ náà bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà, ọmọ náà sì yí kúrò lára ògiri. Ó hàn nínú dígí. Ó ní ebi ń pa òun. Ó jẹ ẹ̀wà abọ́ kan, ó tún béèrè sí i, Fẹ̀hìntọlá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó gbá a mọ́ àyà. "Kẹ́hìndé mi! Kẹ́hìndé Ọmọ́kẹ́hìndé gbẹ̀gbọ́n!"

Ọmọ náà wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń wọlé bọ̀. "Màámi, Táyé ni mí o. Kẹ́hìndé ńkọ́?"

Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Oṣù lé, oṣù dàgbà, Táyé náà ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Fẹ̀hìntọlá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó níwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ bi wọ́n lọ́hùn-ún?"

Ó sọ fún un. Ó sọ ìdáhùn èyí àti ti tọ̀hún, ó sọ èyí tó mú. Obìnrin náà kò ké. Ó káwọ́ lérí.

"Lọ́jọ́ tí Táyé máa lọ, níbo lẹ wà?"

"Mo lọ kó àwòrán fún àwọn ará ìlú ńlá."

"Ẹ ò sí nílé nígbà náà. Kẹ́hìndé gun orí ẹní lọ bá a. Ó ní, 'Táyé, dìde. Bí o bá dìde, ìwọ ni ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní bá ẹ jà mọ́.' Táyé mi orí, ó ní, 'Rárá o, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n.' Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà tí Kẹ́hìndé dárúkọ Táyé tí kò pè é ní ẹ̀gbọ́n òun. Ó ń sọ ọ́ níbi oúnjẹ, ó ń sọ ọ́ lójú oorun. Ẹ̀ẹ̀kan péré, Bàbá Ìbejì? Ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré?"

Kò gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló padà sígbó náà, mo tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan. Igi lásán la bá níbẹ̀, èèpo sì wà lára wọn. Ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ láàárín igi títí ohùn rẹ̀ fi há, èmi ni mo dì í mú wálé.

Táyé yìí, ọmọ dáadáa ni. Ó máa ń pa èmi gan-an lẹ́rìn-ín. Kò ṣẹ̀, ẹni tó bá sì ká ẹ̀ṣẹ̀ kan sí i lọ́rùn, èmi Ògúndìran ni yóò bá jà. Àmọ́ ẹnu bàbá rẹ̀ kì í gbàgbé. Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó tì í níta gbangba ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọdé ń ṣeré. Ó ń wò wọ́n, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó kígbe, "Kẹ́hìndé!"

Ọmọ náà fi eré sílẹ̀, ó sáré wá, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, Kẹ́hìndé ò tíì dé. Ṣé kí n jẹ́ ẹ fún un ni?"

Mo rí ojú ọ̀rẹ́ mi nígbà náà, n kò sì ní sọ bó ṣe rí. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó ní, "Rárá, ọmọ mi. Táyé ni mo pè."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí eré rẹ̀.

Ibi tí mo bá ìtàn náà dé nìyẹn, n kò ní fi àbùlà sí i. Ẹni tó bá lọ́mọ nílé nínú yín, òjò ti ń dá, kó dìde kó máa lọ.